Ọkọ̀ Òfurufú Aláfọwọ́darí Tó Yára Ju Ti Àkọ́kọ́ Lọ

Bí o bá ti fi ọkọ̀ òfurufú àkọ́kọ́ rẹ, èyí tí à ń fi rìmóòtù darí láti ilẹ̀, balẹ̀ nígbà mẹ́wàá léraléra láìfọ́ nǹkan kan, ó yá láti bọ́ sórí èyí tó yára jù ú lọ. Má ṣe fò bọ́ sórí jẹ́ẹ̀tì o. Wá oní-fóòmù tí apá rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ara, tó fẹ̀ tó mítà 1.2, tó ní aileron (abala kékeré lẹ́yìn apá tó ń mú ọkọ̀ tẹ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì). Bátìrì 3S (onísẹ́ẹ̀lì mẹ́ta), tó ń gba iná 2200 mAh, tó fún un. Bí ESC rẹ̀ (ẹ̀rọ kékeré tó ń darí iná tó ń lọ sí ẹ́ńjìnnì) kò bá gba bátìrì 4S (onísẹ́ẹ̀lì mẹ́rin), má fi 4S sí i, yóò jóná.

Eré àsápajúdé kọ́ ló sábà ń fọ́ ọkọ̀ yìí, fífalẹ̀ jù nígbà ìbalẹ̀ ni: afẹ́fẹ́ á já apá jù sílẹ̀, apá kan á tẹ̀, ó parí. Nítorí náà, má pa ẹ́ńjìnnì títí yóò fi kù díẹ̀ kó kan ilẹ̀.

L'Ékòó, fò ó láàárọ̀, kí afẹ́fẹ́ òkun tó le. Lágbègbè Ìkejà, má tilẹ̀ dán an wò: bàálù ńlá ló ni òkè yẹn.