Bí Ẹ Ṣe Lè Gbọ́ Selected Ambient Works 85–92 Kí Ẹ Tó Gba Ti Ẹnikẹ́ni

Ẹ gbé àwo orin yìí, tí Aphex Twin, olórin tó ń fi ẹ̀rọ ṣe orin, ṣe, sáàárín èèyàn mẹ́rin, ẹjọ́ mẹ́rin lẹ máa gbọ́. Ọ̀kan á ní kò sírú ẹ̀ rí. Èkejì á ní oorun ló ń kùn òun. Ẹ̀kẹta á ní ohùn ẹ̀ ò mọ́. Ẹ̀kẹrin á máa bínú pé kí ló dé tí wọ́n pe orin onílù ní ambient, ìyẹn orin jẹ́jẹ́ tí ìlù kì í sábà pọ̀ nínú ẹ̀. Èmi ti jẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rí, lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Orin 13 ló wà níbẹ̀, gbogbo ẹ̀ sì lé ní ìṣẹ́jú 74. Ẹ má gbọ́ ọ tán lẹ́ẹ̀kan. Ẹ gbọ́ méje àkọ́kọ́ lónìí, kí ẹ fi mẹ́fà tó kù sílẹ̀ dọ̀la. Ẹ ki earpiece bọ etí, torí pé béèsì ló gbé ilé náà ró, ẹnu fóònù lásán ò sì lè gbé e jáde.

Xtal ló ṣáájú. Ohùn obìnrin kan á wọlé, kò sọ ọ̀rọ̀ tó yé ni, ó kàn ń mí sínú orin bí ẹni tó ń kọrin ní yàrá kejì tí wọn ò pa ilẹ̀kùn ẹ̀ dé tán. Ìlù ń lọ ṣẹ́kẹ́-ṣẹ́kẹ́ lábẹ́ ẹ̀. Ẹ tẹ́tí dáadáa, ẹ máa gbọ́ nǹkan kan tó ń ṣe fúú bí atẹ́gùn. Orí kásẹ́ẹ̀tì ni Aphex Twin gba àwọn orin yìí sí, nítorí náà ẹni tó ní ohùn ò mọ́ ò purọ́. Lójú tèmi, bí wọ́n bá nù ún mọ́ tónítóní, obìnrin yẹn á jáde kúrò nínú yàrá ẹ̀, orin á sì bàjẹ́.

Orin kejì, Tha, ju ìṣẹ́jú 9 lọ. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sá. Èmi náà fò ó nígbà àkọ́kọ́, torí mò ń retí kí nǹkan ṣẹlẹ̀. Ẹ má retí nǹkan kan. Ẹ dì mọ́ ohùn àwọn èèyàn tó ń kùn lókèèrè yẹn, ẹ jẹ́ kí ìlù máa lọ.

Ní ti àríyànjiyàn lórí 85 inú orúkọ àwo náà, bóyá lóòótọ́ ló ti ń ṣe àwọn orin yìí láti 1985: ọdún 1971 ni wọ́n bí Richard D. James, ìyẹn Aphex Twin fúnra ẹ̀, kò tíì ju ọmọ ọdún 14 lọ nígbà yẹn. Oṣù kọkànlá 1992 ni Apollo, ẹ̀ka ilé iṣẹ́ tó ń gbé orin jáde, R&S ti ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, gbé àwo náà jáde. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó fẹ́ jà jà á lọ.

Èyí tó ṣe pàtàkì ni pé kí ẹ bi ẹni tó ń bú u léèrè ohun tó kọ́kọ́ gbọ́. Ẹni tó ti Selected Ambient Works Volume II, àwo tó tẹ̀ lé e ní 1994, wá, níbi tí ìlù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí, á ní ariwo ti pọ̀ jù. Ẹni tó ti ilé ijó wá á ní ó ń fà.

Kí ẹ tó lọ ka èrò ẹlòmíì, ẹ kọ gbólóhùn kan sílẹ̀ lórí orin kọ̀ọ̀kan. Ìwé tèmi ṣì wà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Heliosphan, mo kọ: «ẹ tún un gbé sí i.» Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Hedphelym, mo kọ: «rárá.» Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo pa iná yàrá, mo tún fara balẹ̀ gbọ́ ọ, mo sì kọ «rárá» kejì sí abẹ́ ti àkọ́kọ́.