Kọ̀ǹpútà Tó Ń Kìlọ̀ Pé Àìsàn Fẹ́ Le: Ohun Tó Yẹ Kí Ará Ilé Aláìsàn Mọ̀

Àkóràn kan náà lè mú ẹni méjì lọ́jọ́ kan náà, kí ara ọ̀kan yá láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí èkejì sì máa jà fitafita láti mí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ojú lásán kì í sábà dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Ibẹ̀ ni deep learning ti wúlò: kọ̀ǹpútà á yẹ àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ aláìsàn tó ti kọjá wò, títí á fi mọ àmì tó máa ń ṣáájú ewu.

Ní 2020, nígbà àjàkálẹ̀ Kòrónà, àwọn dókítà ní Ṣáínà ṣe irú ètò kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ kan. Àkọsílẹ̀ aláìsàn 1,590 láti ilé ìwòsàn 575 ni wọ́n fi kọ́ ọ. Lára ohun 10 tó ń béèrè ni ọjọ́ orí, èémí tó ń ni aláìsàn lára, iye àìsàn mìíràn tó ní, fọ́tò X-ray àyà àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Ẹnu yín ni nọ́ọ̀sì ti máa gbọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fi àtọ̀gbẹ tàbí jẹjẹrẹ pa mọ́, kọ̀ǹpútà lè ka aláìsàn yín mọ́ àwọn tí ewu wọn kéré. Ẹ kọ ọjọ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, àti gbogbo oògùn tó ti lò, èyí tí ẹ rà àti èyí tí ẹ sè.

Ohun kan ń ká mi lára gan-an. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sí ìka láti wo ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ lè sọ pé ó tó nígbà tí kò tó. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà ní 2020 rí i pé àṣìṣe yìí lára aláwọ̀ dúdú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n bá fi irú òǹkà bẹ́ẹ̀ kọ́, àṣìṣe náà ló máa kọ́. Nítorí náà, ẹ bi dókítà bóyá wọ́n ti dán an wò lára irú àwọn aláìsàn tó ń wá síbẹ̀. Kì í ṣe àfojúdi.

Bí kọ̀ǹpútà bá ní ewu jẹ́ 20 nínú 100, ìyẹn ni pé nínú ẹni 100 tí àmì wọn jọra, àìsàn lè le fún nǹkan bí 20.

Ẹ má dúró de kọ̀ǹpútà bí ọkàn aláìsàn bá dàrú tó ń sọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀, bí gìrì bá mú un, bí ahọ́n tàbí ẹ̀rìgì rẹ̀ bá ń dà bí aró, tàbí bí ọmọ kò bá lè mu ọmú. Ọmọ oṣù 2 sí 11 tó ń mí tó ẹ̀ẹ̀ 50 ní ìṣẹ́jú kan, tàbí ọmọ ọdún 1 sí 5 tó ń mí tó ẹ̀ẹ̀ 40, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ kà á nígbà tí kò sunkún, kí ìṣẹ́jú náà sì pé.