Bí A Ṣe Ń Fi Máàkì Òkúta Yan Ohun Tí Yóò Gbé Àjà Ihò Abẹ́ Òkè Dúró

Òkúta Èkìtì le. Ẹni tó bá ti fi òòlù lu charnockite Adó tàbí ti Ìkẹ́rẹ́ mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan kọ́ ni yóò fọ́. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé nínú 100 máàkì tó wà nínú ìlànà RMR (Rock Mass Rating, ọ̀nà tí a fi ń fún òkúta ní máàkì) ti Bieniawski, líle òkúta kò ní ju 15 lọ. Àwọn ìlà tó ti sán nínú òkúta, bí wọ́n ṣe sún mọ́ra tó, ohun tó wà nínú wọn àti omi tó ń gba ibẹ̀ kọjá ló ni 85 tó kù.

Kí ẹ tó fún òkúta ní máàkì kankan, ẹ pín ihò náà sí abala. Níbi tí irú òkúta ti yí padà, tí ìlà sísán ti pọ̀ lójijì, tàbí tí omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, abala mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, máàkì tirẹ̀ sì ni kí ẹ fún un. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi dáínámáìtì fọ́ òkúta, ẹ jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ fi ọ̀pá irin gún gbogbo èyí tó ti tú lájà wálẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wọlé lọ wọn nǹkan. Òòlù, ọ̀bẹ, téèpù, kọ́ńpáàsì tó lè wọn ìdàgẹ̀rẹ̀, àti iná tó mọ́lẹ̀ dáadáa ni ẹ ó mú dání.

Líle ló yá jù láti wọ̀n. Òkúta tí òòlù ẹ̀ẹ̀kan fọ́ dáadáa sábà máa ń wà láàárín 25 sí 50 MPa (ìwọ̀n agbára tí òkúta lè gbà kó tó fọ́), máàkì 4. Èyí tó gbà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ jẹ́ 50 sí 100 MPa, máàkì 7. Èyí tó gba ọ̀pọ̀ ìgbà jẹ́ 100 sí 250 MPa, máàkì 12. Èyí tí òòlù kàn ń ha lára nìkan ló gba 15. Ẹ ṣì máa gbé díẹ̀ lọ sí yàrá àyẹ̀wò kí ẹ lè mọ̀ bóyá ọwọ́ yín péye.

RQD (Rock Quality Designation, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún òkúta tó ṣì wà ní odidi) ló tẹ̀lé e. Ẹ to core, ìyẹn ọ̀pá òkúta tí ẹ̀rọ gbẹ́ jáde, sílẹ̀, ẹ ro gígùn gbogbo ègé tó tó sẹ̀ǹtímítà 10 sókè pọ̀, ẹ wá pín in pẹ̀lú gígùn gbogbo ibi tí ẹ̀rọ gbẹ́ dé. Ẹ má pín in pẹ̀lú gígùn core tó jáde, torí pé apá tó ti di lẹ́búlẹ́bú tí omi gbé lọ ni apá tó burú jù. Ibi tí ẹ̀rọ tàbí ọwọ́ ti ṣẹ́ ẹ, tí ojú rẹ̀ ṣì mọ́ tútù, ẹ kà á sí odidi. Bí kò bá sí core, ẹ ka iye ìlà sísán tó wà nínú kúbíkì mítà kan, kí ẹ fi 3.3 sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 115. RQD tó ju 90 lọ gba 20, 75 sí 90 gba 17, 50 sí 75 gba 13, 25 sí 50 gba 8, èyí tí kò tó 25 gba 3. Àlàfo àárín ìlà: tó bá ju mítà 2 lọ, 20; sẹ̀ǹtímítà 60 sí mítà 2, 15; sẹ̀ǹtímítà 20 sí 60, 10; 6 sí 20, 8; kò tó 6, 5.

Ibi tó yẹ kí ẹ ti pẹ́ jù ni ojú ìlà fúnra rẹ̀, torí òun ló ni 30. Ẹ fi ọ̀bẹ tọ inú rẹ̀ wò. Bí ọ̀bẹ kò bá wọlé, tí ojú rẹ̀ ṣákìṣákì, tí kò sì jẹrà, 30 ni. Bí ó bá là tí kò tó mílímítà 1, tí ara rẹ̀ jẹrà díẹ̀, 25. Tó bá jẹrà gan-an, 20. Bí ojú rẹ̀ bá ń dán bíi pé wọ́n fi nǹkan yùn ún, tàbí tí amọ̀ tí kò tó mílímítà 5 wà nínú rẹ̀, 10. Bí ọ̀bẹ bá ń wọ inú amọ̀ rírọ̀ tó nípọn ju mílímítà 5 lọ, òdo ni, ì báà jẹ́ òkúta tó le bí irin ló wà lọ́tùn-ún àti lósì.

Omi: gbígbẹ 15, ọ̀rinrin 10, tútù 7, kíkán 4, ṣíṣàn 0. Ẹ kíyè sí ìgbà tí ẹ wọ̀n ọ́n. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi òjò ń wá ìlà sísán. Ihò tó gbẹ nínú ẹ̀ẹ̀rùn oṣù kìíní lè máa kán tótó ní oṣù kẹsàn-án, máàkì 11 sì ti lọ. Ní agbègbè òkúta quartzite láti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè dé Òkèmẹ̀sí, ẹ má gbára lé ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀rùn. Inú ìlà irú òkúta yìí náà ni omi gbígbóná Ìkógòsì ń gbà jáde.

Ẹ gbé àpẹẹrẹ yìí yẹ̀ wò: ihò omi tó fẹ̀ ní mítà 4, tó gba abẹ́ òkè quartzite. Líle 150 MPa, 12. Ìlà 14 nínú kúbíkì mítà, RQD 69, 13. Àlàfo sẹ̀ǹtímítà 40, 10. Ojú ìlà jẹrà gan-an, 20. Omi ń kán, 4. Àpapọ̀ 59. Ẹ wá yọ ti ìdojúkọ, ìyẹn bí ìlà ṣe kọjú sí ihò: ìlà dábùú ihò, ó dàgẹ̀rẹ̀ ní dígírì 60, a sì ń gbẹ́ lọ lòdì sí ìdàgẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí náà ẹ yọ 5. Ó ku 54, ìpele kẹta nínú ìpele márùn-ún RMR, tó wà láàárín 41 sí 60. Bí ẹ bá ti wọn omi náà nínú ẹ̀ẹ̀rùn ni, 65 ni ẹ ó kọ, ẹ ó sì pè é ní ìpele kejì. Ká ní ìlà náà bá ihò lọ ní gbọọrọ ni, 12 ni ẹ ó yọ dípò 5. Bí ààyè bá wà láti yí ihò kó dábùú ìlà, ẹ yí i nígbà tó ṣì wà lórí pépà.

Ká ní ibi tí a wọ̀n nínú ihò yìí gùn ní mítà 30, tí mítà 3 kan níbẹ̀ ti fọ́ túútúú, ó kún fún amọ̀, omi sì ń ṣàn níbẹ̀: 7, 3, 8, 0, 0, ẹ yọ 5, ó ku 13. Ìpele karùn-ún ni. Bí ẹnì kan bá dà á pọ̀ mọ́ 54 tó wá pín in dọ́gba lórí gígùn, ohun tí yóò rí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 50, ìpele kẹta síbẹ̀. Nọ́ńbà náà kò burú lójú, ṣùgbọ́n mítà 3 yẹn ni yóò wó.

Nínú tábìlì RMR fún ihò tó fẹ̀ ní mítà 10, ìpele kìíní kò nílò ju bóòtù (ọ̀pá irin tí wọ́n ń kì sínú òkúta) níhìn-ín lọ́hùn-ún. Ìpele kejì: bóòtù mítà 3 lájà, ní àlàfo mítà 2.5, níbi tó bá yẹ, àti shotcrete (kọnkéré tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ́n mọ́ òkúta) mílímítà 50. Ìpele kẹta: ẹ kọ́kọ́ gbẹ́ apá òkè, mítà 1.5 sí 3 lẹ́ẹ̀kan. Bóòtù mítà 4 ní àlàfo mítà 1.5 sí 2, àwọ̀n irin lájà, shotcrete mílímítà 50 sí 100 lájà àti 30 lára ògiri. Ìpele kẹrin: bóòtù mítà 4 sí 5 ní àlàfo mítà 1 sí 1.5, shotcrete 100 sí 150 lájà, pẹ̀lú férémù irin ní mítà 1.5 síra wọn níbi tó bá yẹ. Ìpele karùn-ún: mítà 0.5 sí 1.5 lẹ́ẹ̀kan, shotcrete 150 sí 200 ní kété tí òkúta bá ti fọ́, bóòtù mítà 5 sí 6, férémù irin ní mítà 0.75 síra wọn, kí ẹ sì di ilẹ̀ ihò náà pa.

Ẹ má ki bóòtù mítà 4 sínú ihò tó fẹ̀ ní mítà 4 nítorí pé tábìlì sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi Q, ìlànà máàkì òkúta mìíràn ti Barton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tó jáde ní 1974, yẹ̀ ẹ́ wò. Q = RQD/Jn × Jr/Ja × Jw/SRF. Jn dúró fún iye ọ̀wọ́ ìlà, Jr fún bí ojú wọn ṣe ṣákìṣákì tó, Ja fún bí wọ́n ṣe jẹrà tó, Jw fún omi, SRF fún bí ìwúwo òkúta ṣe ń tẹ ihò. Fún ihò wa: 69/9 × 1.5/2 × 0.66/2.5, ìyẹn nǹkan bí 1.5. SRF jẹ́ 2.5 nítorí pé ihò náà sún mọ́ ojú ilẹ̀, kò sí ìwúwo tó pọ̀ tó láti fún àwọn ìlà pọ̀. ESR, nọ́ńbà tó ń sọ bí ààbò ihò ṣe gbọ́dọ̀ tó gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó ń ṣe, jẹ́ 1.6 fún ihò omi. Fífẹ̀ tó lè dúró láìsí àtìlẹ́yìn jẹ́ 2 × ESR × Q tí a gbé sí agbára 0.4, ìyẹn mítà 3.8. Tiwa jẹ́ mítà 4, nítorí náà ó nílò bóòtù tí a tò létòlétò. Gígùn bóòtù jẹ́ 2 + 0.15 × 4/1.6, nǹkan bíi mítà 2.4.

Ní ẹnu ihò, ẹ gbàgbé máàkì. Nínú ilẹ̀ pupa Èkìtì, àwọn òkúta ńláńlá tí kò tíì jẹrà máa ń jókòó sínú amọ̀, òòlù á sì máa dún gbagidi lára wọn. Ilẹ̀ amọ̀ ni ẹ ó ṣètò ibẹ̀ sí: férémù irin tó wúwo, ọ̀pá irin tí wọ́n gbá síwájú kí wọ́n tó gbẹ́, àti ojú omi lókè ẹnu ihò kí àgbàrá má baà wọlé.

Bóòtù tí símẹ́ǹtì kò kún ihò tirẹ̀ kò gbé nǹkan kan. Ẹ mú díẹ̀ nínú wọn, kí ẹ fi jáàkì fà wọ́n wò. Lẹ́yìn náà ẹ kan èèkàn irin mọ́ àjà àti ògiri méjèèjì, kí ẹ máa wọn àárín wọn lójoojúmọ́. Bí sísún wọn bá ń dín kù, ẹ lè máa lọ. Bí ó bá ń pọ̀ sí i, ẹ dá gbígbẹ́ dúró, kí ẹ fi bóòtù àti shotcrete kún un, ohun yòówù kí máàkì sọ.