Bí A Ṣe Lè Gbin Kòkó Sára Òkè Ìdànrè Kí Àgbàrá Má Gbé Ilẹ̀ Lọ

Àpáta ńláńlá ló yí Ìdànrè ká, ní gúúsù Àkúrẹ́. Àpáta kì í mu omi. Bí òjò bá ti rọ̀ sórí rẹ̀, ẹsẹ̀ òkè ni gbogbo rẹ̀ ń ya wá, níbi tí ilẹ̀ dúdú tí kòkó fẹ́ràn wà. Ẹni tó bá to kòkó rẹ̀ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ ti la ojú ọ̀nà fún àgbàrá. Ìlà kòkó gbọ́dọ̀ dábùú òkè.

Ẹ kọ́kọ́ gbẹ́ kòtò wo ilẹ̀ níbi mẹ́rin tàbí márùn-ún. Kòkó ń fẹ́ ilẹ̀ tó jìn tó mítà kan ààbọ̀. Bí ọkọ́ bá kan àpáta kí ẹ tó dé mítà kan, ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni kí ẹ gbìn síbẹ̀. Kòkó lè tutù yọ̀yọ̀ níbẹ̀ nígbà òjò, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn yóò pa á.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ wọn ìlà, pẹ̀lú irinṣẹ́ onígi mẹ́ta tí yóò fi ibi tó dọ́gba lára òkè hàn yín. Ẹ wá igi gbọọrọ méjì, mítà 2 lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ kàn wọ́n pọ̀ lórí, kí ẹ ya ẹsẹ̀ wọn tó mítà 2. Ẹ kan igi kẹta tó gùn ju mítà 1 lọ díẹ̀ dábùú àárín wọn. Ẹ so okùn mọ́ ìṣó orí, kí òkúta kan máa fì nídìí rẹ̀, nísàlẹ̀ igi ìdábùú. Kí òkúta náà wúwo, torí atẹ́gùn òkè máa ń da okùn láàmú.

Irinṣẹ́ yìí kò tíì mọ òótọ́. Ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ sàmì sí ojú ẹsẹ̀ méjèèjì, kí ẹ sì fi ọ̀bẹ sàmì sí ibi tí okùn ti kan igi ìdábùú. Ẹ yí i padà, kí ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ́ sójú ẹsẹ̀ òsì gan-an, ẹ tún sàmì. Agbedeméjì àmì méjèèjì ni ojú ìwọ̀n. Ẹni tó bá fo èyí, tó kàn fojú díwọ̀n àárín igi, kò ní mọ̀ pé ìlà òun ń rọ̀ sódò, àfìgbà tí omi bá fi hàn án.

Ẹ kan èèkàn àkọ́kọ́, ẹ fi ẹsẹ̀ kan irinṣẹ́ tì í. Ẹ máa sún ẹsẹ̀ kejì sókè-sódò títí okùn yóò fi bọ́ sójú àmì, ẹ kan èèkàn síbẹ̀, kí ẹ sì yí i síwájú. Ìlà náà yóò wọ́ bí ejò. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ẹ má nà án. Ìlà kejì yóò wà ní mítà 3 sísàlẹ̀, kí ẹ tún un wọ̀n lákọ̀tun. Níbi tí ìlà méjì bá ti ń sún mọ́ra jù, ẹ dá ọ̀kan dúró.

Lókè ìlà àkọ́kọ́, lábẹ́ àpáta, ẹ gbẹ́ yàrà tó jìn tó ààbọ̀ mítà. Kó máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀, bíi mítà 1 nínú 100, kó sì já sódò, kì í ṣe sóko aládùúgbò (ìjà ibẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀). Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ da erùpẹ̀ rẹ̀ sí.

Ó yẹ kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ti wà nílẹ̀ láti òjò ọdún tó ṣáájú, torí òun ni ìbòòji. Bí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ẹ gbin ọmọ kòkó tó ti lo oṣù márùn-ún sí mẹ́fà nínú ọ̀rá, mítà 3 síra wọn. Ẹ bọ́ ọ̀rá náà pátápátá. Kí kòtò jìn tó kí gbòǹgbò àárín má bàa ká; èyí tó bá ká yóò mú igi wó lọ́jọ́ iwájú. Ẹ fi erùpẹ̀ ṣe òkìtì bí oṣù tuntun sí apá ìsàlẹ̀ igi kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n kó má kan igi nítorí ikán.

Kí ọ̀nà oko yín máa pẹ́ kọ́rọ. Ọ̀nà tó bá sọ̀ tààrà ni yóò di odò. Nígbà ìkórè, bí ààyè bá wà, orí oko ni kí ẹ ti bo kòkó fún ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà, kí ẹ sì sá a gbẹ níbẹ̀. Kílò 100 kòkó tútù kì í ju nǹkan bíi 40 lọ tó bá gbẹ, orí ẹni ni yóò sì gbé èyí tó gbẹ náà sọ̀ kalẹ̀ òkè.