Gìtá oníná àtijọ́ tí wọ́n ti pa tì: bí mo ṣe ń jí i dìde

Gìtá oníná tó ti wà nínú yàrá ẹrù fún ogójì ọdún kì í sábà tíì kú. Ọwọ́ ẹni tó bá kọ́kọ́ tú u lẹ́yìn tó jáde síta ló máa ń pa á. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi sáńpépà họ ọ̀dà ara rẹ̀ dà nù kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ bí ó ṣe ń dún, mo sì ti rí pickup (ohun olóòfà abẹ́ okùn tó ń gba ohùn wọn) tí kò ní àrùn kankan tí wọ́n gé wáyà rẹ̀ mọ́ ìdí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ ohun kan fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí: ẹ má ṣe ohun tí ẹ kò lè dá padà, àfi tí gbogbo ọ̀nà mìíràn bá ti di.

Ẹ gbọ́ ọ ná kí ẹ tó tú u. Bí okùn rẹ̀ tilẹ̀ ti dípẹtà, ẹ má tíì bọ́ ọ. Ẹ so gìtá mọ́ amplifier, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn rẹ̀ jáde, èyí tí wáyà iná rẹ̀ ní earth (wáyà tó ń kó iná lọ sínú ilẹ̀). Bí amplifier àtijọ́ bá bá a wá, tí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kò sì ní earth, ẹ má tàn án títí oníṣẹ́ iná tó mọ iṣẹ́ yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò: irin ni okùn gìtá, ara yín sì ni iná lè gbà kọjá. Ẹ yí fọ́lúùmù àti tone láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ ti súìṣì lọ, ẹ tì í bọ̀. Ẹ fi orí screwdriver kan pickup kọ̀ọ̀kan pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. Bó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ óò gbọ́ "kó" nínú amplifier. Lẹ́yìn náà, ẹ fọwọ́ kan okùn. Bí ariwo tó ń kùn lábẹ́lẹ̀ bá dínkù, earth inú gìtá wà ní ipò rẹ̀. Bí kò bá yí padà rárá, ó ṣeé ṣe kí wáyà tó lọ sábẹ́ bridge (irin tí okùn jókòó lé lára gìtá) ti já. Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ gbọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì ya fọ́tò iwájú, ẹ̀yìn, abẹ́ pickguard (ike pẹlẹbẹ tó bo iwájú ara gìtá), àti ibi tí wáyà kọ̀ọ̀kan ti wọlé. Fọ́tò yẹn ni yóò gbà yín nígbà tí wáyà dúdú mẹ́ta bá wà lọ́wọ́ yín tí ẹ kò mọ ibi tí èyíkéyìí ti wá.

Bí ẹ bá ti ṣí i, ẹ wo ẹ̀yìn àwọn pot, ìyẹn ohun tó wà lábẹ́ bọ́tìnnì fọ́lúùmù àti tone. Lára ọ̀pọ̀ gìtá tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, nọ́ńbà ibẹ̀ ń sọ ọjọ́ orí. Èyí tó wà lórí tábìlì mi báyìí kò ní orúkọ kankan lórí mọ́, ṣùgbọ́n 1376633 ni wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn pot rẹ̀. 137 ni nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ CTS tó ṣe pot náà, 66 ni ọdún 1966, 33 sì ni ọ̀sẹ̀ kẹtàlélọ́gbọ̀n nínú ọdún náà. Ìyẹn kò ní kí wọ́n ṣe gìtá ọ̀hún lọ́sẹ̀ yẹn gan-an o. Pot lè ti pẹ́ nínú páálí kí wọ́n tó lò ó. Ṣùgbọ́n bí pot náà bá jẹ́ ti àtilẹ̀wá, gìtá kò lè dàgbà jù ú lọ. Mo fẹ́ràn nọ́ńbà yìí gan-an, torí òun ló ń jẹ́ kí n mọ ohun tó wà níwájú mi kí n tó gbé irin gbígbóná sún mọ́ ọn.

Ìdọ̀tí ló kàn. Ọ̀dà nitrocellulose ni wọ́n fi kun ọ̀pọ̀ gìtá àtijọ́, spirit sì máa ń mú un rọ̀, nítorí náà ẹ gbé spirit jìnnà. Aṣọ rírọ̀ tí omi díẹ̀ wà lára rẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀rá àti òógùn àtijọ́ bá kọ̀ tí kò kúrò, naphtha, irú epo tí wọ́n ń rọ sínú láítà, máa ń ká a láì ṣe ọ̀dà náà ní nǹkan kan. Ẹ ṣí fèrèsé, kí iná má sì sí nítòsí. Bó bá mọ́ tán, ẹ má gbé e lé ohun tí rọ́bà wà lára rẹ̀, torí rọ́bà máa ń jẹ ọ̀dà yìí. Ọ̀dà tó ti pọ́n, tó ti sán wẹ́wẹ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wà rẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ẹni tó lè fi ọwọ́ ṣe irú rẹ̀.

Fọ́lúùmù tó ń ha kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ kò tíì di ohun à ń jù nù. Ẹ fọ́n contact cleaner (oògùn tí wọ́n fi ń fọ ojú irin oníná) díẹ̀ sínú ihò ara pot, ẹ yí i lọ, ẹ yí i bọ̀ títí yóò fi dákẹ́. Pickup tó bá dákẹ́ ńkọ́? Ẹ tú wáyà rẹ̀ kúrò lára pot, ẹ gbé mítà tó ń wọn iná sí 20k ohm, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n. Single-coil, pickup tí wáyà rẹ̀ jẹ́ ìdì kan, sábà máa ń wà láàárín 5 sí 8 kΩ, humbucker, tó ní ìdì méjì, láàárín 7 sí 9. Bí mítà bá ní kò sí ọ̀nà, wáyà inú rẹ̀ ti já. Ẹ má tíì sọ̀rètí nù. Wáyà yẹn tín-ín-rín bí irun orí, nǹkan bí 0.06 mm, ìparí rẹ̀ ló sì sábà máa ń já, níbi tí wọ́n ti jó o mọ́ wáyà ńlá tó jáde síta. Pẹ̀lú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá àti ọwọ́ tí kò gbọ̀n, ẹ lè rí ẹnu rẹ̀ kí ẹ fi lẹ́ẹ̀dì so ó padà. Bó bá jẹ́ inú lọ́hùn-ún ló ti já, ẹ gbé e fún ẹni tó ń wé pickup, kí ẹ sọ fún un pé òòfà rẹ̀ àtijọ́ ni kí ó lò. Òjé wà nínú lẹ́ẹ̀dì àtijọ́, ẹ fọ ọwọ́ dáadáa kí ẹ tó fi jẹ nǹkan.

Ọrùn gìtá ni mo máa ń ṣe sùúrù fún jù. Okùn tuntun gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀, kí ẹ sì ti yí i dé ohùn tó yẹ, kí ẹ tó wọn ohunkóhun. Ẹ tẹ okùn tó nípọn jù ní fret kìíní (fret ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn), ẹ tẹ̀ ẹ́ níbi tí ọrùn ti pàdé ara gìtá, kí ẹ wo àlàfo tó wà lórí fret keje: 0.25 mm ni mo fẹ́ rí. Bó bá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, truss rod, irin gígùn inú ọrùn, ni ẹ óò fún le. Àmọ́ irin tí kò yí láti bí àádọ́ta ọdún lè ti há. Ẹ kọ́kọ́ tú u díẹ̀, ẹ kán epo ẹyọ kan sí i lẹ́nu, kí ẹ tó fún un ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo, ẹ dúró, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; bó bá kọ̀, ẹ má fi agbára kún un, nítorí irin tó bá já sínú ọrùn, àfi kí wọ́n ṣí ọrùn náà. Àwọn gìtá kan wà pẹ̀lú tí irin inú wọn kò ṣeé yí rárá.

Ẹ má sáré fi fáìlì kan fret. Lọ́pọ̀ ìgbà, steel wool 0000 ti tó láti dá a padà sí dídán. Ẹ fi tẹ́ẹ̀pù bo pickup kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí òòfà rẹ̀ yóò fa gbogbo eruku irin náà mọ́ra, kò sì rọrùn láti yọ. Ihò síkírù tó ti fẹ̀: ẹ fi gúlúù igi àti igi ìtayín kún un, ẹ jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì.

Ẹ wá gbé okùn sí gíga tó yẹ lórí fret kejìlá, nǹkan bí 2 mm fún èyí tó nípọn jù, 1.6 mm fún èyí tó tín-ín-rín jù. Ẹ ta harmonic lórí fret kejìlá (ẹ fi ìka kan okùn fẹ́rẹ́ láì tẹ̀ ẹ́, kí ẹ ta á), kí ẹ wá tẹ okùn kan náà níbẹ̀ kí ẹ tún ta á. Bí èyí tí ẹ tẹ̀ bá ga jù, ẹ sún saddle (ibi tí okùn náà jókòó lé lórí bridge) sẹ́yìn, kúrò lọ́dọ̀ ọrùn. Bó bá rẹlẹ̀, ẹ sún un síwájú.

Àtúnṣe tó bá wù yín láti fi kún un, ẹ jẹ́ kí ó wọ ihò tó ti wà níbẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kapásítọ̀ 0.001 µF àti resistor 150 kΩ tí a so pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn sórí ẹsẹ̀ pot fọ́lúùmù, láàárín ibi tí ohùn ti wọlé àti ibi tó ti jáde, kí ohùn má baà wúwo nígbà tí ẹ bá dín in kù. Bí gìtá bá ní pickup méjì, pot tó ṣeé fà sókè lè so méjèèjì tẹ̀léra, kí iná inú ọ̀kan kọjá sínú èkejì, ohùn á sì nípọn sí i. Ẹ kàn rí i pé àyè abẹ́ rẹ̀ gba pot náà, torí ó gùn. Tuner (ohun tí ẹ fi ń yí okùn) tuntun náà, ẹ wá èyí tí ihò síkírù rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu. Gbogbo ohun tí ẹ bá yọ, ẹ kó o sínú ọ̀rá, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ sí i lára, kí ẹ fi í sínú àpótí gìtá. Kí ẹ tó dè é padà, ẹ so ó mọ́ amplifier lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ fi screwdriver kan pickup kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá gbọ́ "kó" láti ara ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ lè de pickguard.