Bí A Ṣe Ń To Ìfági fún Igi Tí Iṣan Rẹ̀ Lọ́

Kì í ṣe líle ìrókò, ọ̀gànwó àti apá ló ń yọ kafíńtà lẹ́nu, iṣan inú wọn ni. Bí igi wọ̀nyí ṣe ń dàgbà, iṣan wọn á lọ́ sọ́tùn-ún fún ìgbà díẹ̀, á tún yí sósì. Lójú pákó kan ṣoṣo, ibì kan á dọ̀bálẹ̀ fún abẹ ìfági, ibi tó tẹ̀lé e á kọjú ìjà sí i. Ẹ yí pákó síwá sẹ́yìn, ibì kan ṣáà máa hú ni, ìyẹn ni pé iṣan rẹ̀ á fà tu.

Ẹ kọ́kọ́ pọ́n abẹ, kí igun ẹnu rẹ̀ jẹ́ bíi díígírì 30. Bí kò bá lè fá irun ọwọ́ yín, ẹ padà sídìí òkúta ìpọ́n. Ìrókò tún máa ń ní òkúta funfun nínú, tó ń tètè sọ abẹ di èyí tí kò mú mọ́. Bí ẹ bá rí i, ẹ fi ṣíṣẹ́ẹ̀lì àtijọ́ gbẹ́ ẹ jáde kí ẹ tó fá.

Ó kan irin ìbòrí, ìyẹn irin kejì tí bóòtù dè mọ́ abẹ. Ọ̀pọ̀ kàn ń dè é bó ṣe wá ni, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni oògùn igi tó ń hú. Bí abẹ bá ti ń gé èérún, irin yìí ló ń tẹ̀ ẹ́ lórí, kí ó má bàa fa iṣan igi tu níwájú abẹ. Tí ẹ bá ṣì ń dín pákó kù, ẹ jẹ́ kó fi mìlímítà kan jìnnà sí ẹnu abẹ. Fún àfáparí, ẹ sún un títí yóò fi ku bíi 0.2 mìlímítà, ìyẹn ìnípọn bébà méjì. Kí iwájú ìbòrí náà ga sókè sí ojú abẹ, ó kéré tán díígírì 50. Ẹ gbé irin méjèèjì sójú ìmọ́lẹ̀: bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ láàárín wọn, èérún á há síbẹ̀, ẹ pọ́n ìbòrí títí wọ́n á fi lẹ̀ mọ́ra.

Ẹ fá díẹ̀ wò. Èérún tó ta sókè ní títọ́, tí kò ká, fi hàn pé ìbòrí ń ṣiṣẹ́. Bó bá ń rún jọ, tí ìfági sì wúwo láti tì, ẹ sún ìbòrí sẹ́yìn díẹ̀ tàbí kí ẹ dín abẹ tó yọ síta kù.

Àwọn kan á ní kí ẹ fún ẹnu ìfági, ìyẹn ihò tí abẹ ń gbà yọ nísàlẹ̀, pa. Ìyẹn dára fún ìfági onígi tí kò ní ìbòrí. Níbi tí ìbòrí bá ti wà láyè rẹ̀, ẹnu tó há jù á kàn máa dí ni.

Bí ìsàlẹ̀ ìfági kò bá tẹ́jú, ẹ lẹ sáńpépà mọ́ gíláàsì tó nípọn, kí ẹ fi ìfági gbo ó. Ẹ má yọ abẹ kúrò, ẹ kàn fà á wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àbẹ́là pa ìsàlẹ̀ náà, yóò máa yọ̀ lórí igi.

Ibi kókó tó bá ṣì ń hú, ẹ fi irin pẹlẹbẹ ha á. Irin ayùn àtijọ́ tí a gé dára fún un. Tó bá jẹ́ ìrókò ni ẹ fẹ́ fi sáńpépà gbo, ẹ bo imú: eruku rẹ̀ ń mú ara yún, ó sì ń bá ọ̀nà ọ̀fun jà.