Bí Awakọ̀ Tírélà Ṣe Lè Di Olùkọ́ Àwọn Awakọ̀ Tuntun

Ọ̀pọ̀ awakọ̀ tírélà ní Àkúrẹ́ ló mọ ọkọ̀ wà dáadáa, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn ló lè fi ẹnu ṣàlàyé ohun tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn ń ṣe. Nítorí náà, kí ẹ tó gba ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kankan, ẹ máa dá wa ọkọ̀ lọ sí Ọ̀wọ̀, kí ẹ sì máa sọ ọ́ sókè: ìdí tí ẹ fi yí jíà, ohun tí ẹ rí nínú dígí, ìdí tí ẹ fi jìnnà sí ọkọ̀ iwájú. Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ onípele G, tí ó wà fún tírélà, gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá sì fẹ́ dá ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ sílẹ̀, ẹ gba àṣẹ lọ́dọ̀ àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe ọjọ́ ìwakọ̀. Kí ọmọ náà yí ọkọ̀ ká, kí ó wo táyà àti nọ́ọ̀tì rẹ̀, kí ó tú omi inú táǹkì atẹ́gùn bíréèkì dànù.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni mo máa ń pẹ́ lé lórí jù, pàápàá lójú ọ̀nà Ìdànrè. Kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ ni awakọ̀ ti gbọ́dọ̀ fi í sí jíà kékeré, kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ lè máa dì í mú, nítorí pé bíréèkì tí a tẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ yóò gbóná títí tí kò fi ní mú mọ́. Àwọn kan máa ń fi í sí fríì kí epo má baà tán; ẹ má gbà á láyè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí a bá dé ìsàlẹ̀, mo máa ń ní kí ọmọ náà bọ́ sílẹ̀, kí ó sún mọ́ táyà láìfọwọ́ kàn án. Bí ó bá gbọ́ òórùn nǹkan tó ń jóná, kò tún nílò àlàyé mi.

Ẹ má pariwo mọ́ ọn nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá wà lórí sítíárì, torí ẹni tí àyà rẹ̀ já lè tẹ ohun tí kò yẹ. Ẹ jọ fẹnu kò sí ọ̀rọ̀ kan, bíi “Dúró”, kí ẹ tó gbéra.

Ọjọ́ tí ó bá kọ̀ láti gbéra láàárọ̀ nítorí àléébù táyà tí ẹ̀yin fúnra yín kò tíì rí, ẹ lè jẹ́ kí ó dá gbé ẹrù dé Ọ̀wọ̀.